Ẹ Kú Àbọ̀ Kan Ṣoṣo

Ọdún méjìdínlógójì ni Kinue fi kí àwọn ẹlòmíràn kú àbọ̀. Iṣẹ́ ilé àlejò ló ṣe jẹun, ní etí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń gbé iyọ̀ wọ inú aṣọ. Òun ló ń gbé tíì síwájú àlejò, òun ló ń gbé oúnjẹ alẹ́, òun ló ń tẹ́ ibùsùn sórí ẹní nírọ̀lẹ́, tí á tún ká a nílẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, orúnkún rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́, òun náà sì gbà fún orúnkún.

Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Wọn ò bímọ. Yàrá kan ló ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Bó bá ti ọjà dé, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú ilé o," nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré nìyẹn. Fíríìjì nìkan ló máa ń dá a lóhùn.

Lẹ́nu iṣẹ́ ilé àlejò lọ́dọ̀ wa, a kì í ṣi ìkíni lò. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé àlejò, "Ẹ máa wọlé bọ̀" là ń sọ fún un. Ẹ kú àbọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Ẹni tó ti wọlé, tó ti gbé ẹrù kalẹ̀, tó wá jáde lọ na ẹsẹ̀, tó sì padà, òun là ń kí kú àbọ̀, nítorí pé láàárín ìgbà tó jáde sí ìgbà tó padà, ilé náà ti di ilé rẹ̀. Kinue ti sọ ọ́ fún oníṣòwò, fún ọkọ àti aya tó ń bínú síra wọn, fún ọ̀mùtí tí kò mọ ẹnu ọ̀nà mọ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún òun.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ para pọ̀ fún un ní ẹ̀bùn: kó lọ sun ọjọ́ kan ní ilé àlejò mìíràn, lórí òkè, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní bí àwọn bá gbọ́ pé ó ká ibùsùn, àwọn á wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dé ilé. Kinue rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́. Kò sọ fún wọn pé kì í ṣe omi gbígbóná ló ń wu òun, kì í sì í ṣe ẹja odò. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló fẹ́ gbọ́. Ó ti ṣètò rẹ̀ nínú ara rẹ̀: á dé, á mu tíì, á jáde, á padà.

Obìnrin tí wọ́n ní kó tọ́jú rẹ̀ ń jẹ́ Yasuyo, ó lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo ló wà tẹ́lẹ̀; nígbà tí wọ́n tì í pa ló wá síbí, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta. Kò wulẹ̀ ní láti sọ ọ́ kéèyàn tó mọ̀. Ìdúró ló fi fa ilẹ̀kùn dípò ìkúnlẹ̀, ọwọ́ kan ló fi fà á, bó sì ṣe wọlé ló fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ tí wọ́n fi gbá etí ẹní. Bó bá jẹ́ ní etí òkun ni, ìyá tó ni ilé ì bá ti ní kó jáde padà kó tún un wọ̀. Kinue gbójú sókè, ó ń wo àjà. Àlejò ni òun wá ṣe.

Kò rọrùn fún un. Nígbà tí Yasuyo fẹ́ bu tíì, ọwọ́ Kinue ti dé ìdajì ọ̀nà kó tó rántí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Yasuyo bi í pé irú iṣẹ́ wo ni Màmá ń ṣe nílé. Ó ní òwú àti abẹ́rẹ́ ni òun ń tà. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà nídìí. Òṣìṣẹ́ ilé àlejò kì í lè ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lálejò. Bí wọ́n bá ti mọ ara wọn báyìí, ìkúnlẹ̀ tán nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ríro àti ti ọ̀gá ló kù.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ó wọ aṣọ òwú tí wọ́n ń fún àlejò, ó di ọ̀já rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú agbòòrùn ilé náà, ó jáde. Yasuyo tẹríba lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Màmá á lọ rere, á bọ̀ rere. Ìyẹn náà dára, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀. Kinue rìn dé afárá, ó wo odò, odò náà kò ní ohun tí ojú kò rí rí. Àlejò tó bá tètè padà jù, wọ́n á rò pé inú ń run ún ni, nítorí náà ó dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù nínú bàtà onígi. Ó ń fi ohùn kékeré dán ìdáhùn rẹ̀ wò: ẹ kú ilé o, ẹ kú ilé. Ó rí i pé ti àkọ́kọ́ ló dára jù.

Nígbà tó padà, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà, ó gun orí pákó, ó rọra wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kan ti dé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Yasuyo tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Ó ku díẹ̀. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ìta ṣí lẹ́yìn rẹ̀, tí ọkọ àti aya kan tí wọ́n dé sí yàrá kejì sì wọlé, òjò ti pa wọ́n lábẹ́ agbòòrùn kan ṣoṣo.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Kinue kò ronú rárá. Ara rẹ̀ ló dá yí padà, orúnkún tó ti ní ó tó gẹ́ẹ́ kanlẹ̀ láìdún, ọwọ́ méjèèjì tẹ́ sórí pákó, ó sì fi ohùn tó mọ́ gaara sọ ọ́: "Ẹ kú àbọ̀ o. Òjò mà ti pa yín."

Ọkùnrin náà na agbòòrùn rẹ̀ sí i, ó gbà á. Aya béèrè bóyá àwọn lè lọ wẹ̀ báyìí. Kinue ní wọ́n lè lọ, kí wọ́n má jẹ́ kí òtútù mú wọn, òun á gbé tíì wá. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọjá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí Kinue gbójú sókè, Yasuyo ló rí, ó dúró pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́.

"Ẹ ní òwú lẹ ń tà," ni Yasuyo wí.

"Mo máa ń ta díẹ̀."

"Òwú kọ́ ló kọ́ orúnkún yẹn níṣẹ́, Màmá." Ẹ̀rín ti ń gbọ̀n ọ́n. "Ọdún mélòó lẹ fi ṣe é?"

"Méjìdínlógójì."

"Ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́ lẹ jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ wá ń jẹ́ kí n máa bu tíì bí ẹni ń bu omi sínú agolo ẹja, ẹ sì ń wò mí."

Ó gba agbòòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ọ̀gá fún un. Kò kí i kú àbọ̀. Ta ló ń kí ẹlẹgbẹ́ ẹni tó dúró sẹ́nu iṣẹ́ kú àbọ̀?

Nígbà oúnjẹ alẹ́, Yasuyo kò kúnlẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ ẹ̀gbọ́n kó fi ibi tí òun ti ń ṣìṣe han òun. Kinue kọ́kọ́ gbé abọ́ ìrẹsì láti ọ̀tún sí òsì, ó gbé ọbẹ̀ sí ọ̀tún, ó ní bí Yasuyo ṣe gbé e yẹn, òkú là ń gbé e fún bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ́ ọ ní ilẹ̀kùn. Kúnlẹ̀ ná, orúnkún kan tẹ̀ lé èkejì. Fà á tó fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹni tó wà nínú ilé lè mọ̀ pé o ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wàá ṣí i tó fífẹ̀ ara. Yasuyo jáde, ó wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó fi orí gbá igi ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹja fi tutù.

Kinue gbádùn ìrọ̀lẹ́ náà, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún. Ó wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí ọ̀rọ̀ kan, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi purọ́ fún mi?" ni Yasuyo bi í, bó ṣe ń kó abọ́.

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn jẹ́ àlejò."

"Báwo ló ṣe wá rí?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni Kinue wí.

Láàárọ̀, kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ká ibùsùn, igun ṣe déédéé pẹ̀lú igun. Ó bẹ Yasuyo pé kí ìròyìn náà má dé etí òkun. Yasuyo ní ẹnu òun ti di agolo ẹja tí wọ́n dí pa.

Ó jáde nígbà tí agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Yasuyo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ títí ẹ̀gbọ́n fi yà ní kọ́nà, bí a ṣe máa ń ṣe. Kinue sọ̀ kalẹ̀ dé ibùdókọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó yẹ inú báàgì rẹ̀ wò, kò gbàgbé ohunkóhun. Bọ́ọ̀sì yọ lábẹ́ òkè. Ó dìde, ó wo bọ́ọ̀sì náà bó ṣe ń bọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà. Òmíràn kò ní wá títí wákàtí kan ààbọ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà ló pinnu pé áńkáṣíìfù ni òun gbàgbé.

Yasuyo ń gbá ewé níwájú ilé. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbàgbé?"

"Áńkáṣíìfù mi."

Áńkáṣíìfù náà yọ etí níbi ọwọ́ sùẹ́tà rẹ̀, ó funfun báláú. Yasuyo rí i, Kinue sì rí i pé ó rí i. Kò wọlé, kò sì padà. Ó kàn dúró síwájú ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ojú ń tì í, ó ń wo pákó tó ti kúnlẹ̀ lé lánàá.

Yasuyo wò ó, ó wo pákó náà, ó tún wò ó. Ó rọra fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó gun orí pákó, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, orúnkún kan tẹ̀ lé èkejì, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Màmá."

Kinue bọ́ bàtà. Ó ti dán ìdáhùn náà wò lórí afárá, ó sì ti mọ èyí tó dára jù. Ó gun orí pákó.

"Ẹ kú ilé o."