Orúnkún Ayọ̀kúnlé

Ọmọ Ayégbajú-Èkìtì ni Ayọ̀kúnlé. Ìwé mẹ́fà ló kà. Láti ọdún 1994 ló ti ń gbé àpò kòkó ní sítọ́ọ̀ kan ní Ìkọ̀lé, òun àti alábàárù mẹ́fà mìíràn. Òjó ni olórí wọn. Bí Òjó bá fẹ́ gbé àpò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tẹ̀. Yóò nà án gbọnrangandan, yóò tẹ̀ láti ìbàdí, yóò sì fa àpò náà sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ gbogbo wọn.

Ní ọdún 2001, Ayọ̀kúnlé tẹ̀ láti fa àpò kan. Nǹkan já ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bí okùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà lórí ẹní. Felicia, ìyàwó rẹ̀, ló ń wọ ṣòkòtò fún un.

Ní ọsibítù kan ní Ìdó, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀yìn gbé korobá omi kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó gbé e. Ó tẹ̀ láti ìbàdí.

“Bọ̀dá, ẹ fi í sílẹ̀. Báwo ni ìyàwó yín ṣe ń gbé omi?”

“Á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tì í.”

“Kí ló dé tí ẹ̀yin ò kúnlẹ̀?”

Obìnrin náà kọ́ ọ pé kó la ẹsẹ̀, kó tẹ orúnkún, kó fa ẹrù mọ́ àyà, kó jẹ́ kí itan gbé e dìde. Bó bá fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ ni kó yí, kó má lọ́ ìbàdí. Ó ní bó bá tún fi ojú kan náà ṣèṣe, ó ti dágbére fún ẹrù nìyẹn. Ayọ̀kúnlé kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Nígbà tó padà sí sítọ́ọ̀, wọ́n yan òun àti Délé, ọ̀kan nínú àwọn alábàárù náà, láti máa gbé àpò ru àwọn yòókù. Ẹnì kan á di etí àpò kan mú, ẹnì kejì á di èkejì. Ayọ̀kúnlé tẹ orúnkún rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Obìnrin ní í kúnlẹ̀. Ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀.

“Ta lò ń kí?” Adéníyì, alábàárù mìíràn, bi í. “Ṣé àpò yìí ni ìyá ọkọ rẹ?”

“Òun ni. Bá mi kí i.”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ayọ̀kúnlẹ̀. Ó ń jẹ́ ẹ. Felicia gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, inú bí i.

“Ìwọ náà sì ń dá wọn lóhùn?”

“Orúkọ kì í dun ẹ̀yìn.”

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, ọkọ̀ akẹ́rù kan dé láti Ìbàdàn. Wọ́n ti di ẹrù dé ìdajì rẹ̀ nígbà tí Òjó na ọwọ́ sókè.

“Kúnlẹ̀kúnlẹ̀ yìí tó gẹ́ẹ́. Uṣẹ́ ọkùnrin nìyí. Gbé e bí a ti í gbé e, tàbí kó o máa lọ ulé.”

“Mi ò ní tẹ̀ mọ́, Bàbá. Mi ò sì ní lọ.”

“Délé, fi etí àpò yẹn sílẹ̀.”

Délé fi í sílẹ̀. Òjó jókòó lé àpò náà.

Ayọ̀kúnlé dúró níwájú rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Dírẹ́bà tẹ fèrè.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹjọ́ lẹ wá rò ni, àbí ẹrù lẹ wá dì?”

Ó tún tẹ fèrè. Òjó fi ọwọ́ méjèèjì ti itan rẹ̀ kó lè dìde. Ó dé ìdajì, ó dúró. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ó wà ní ìtẹ̀ba bẹ́ẹ̀, ó ń payín keke. Adéníyì la ẹnu láti dápàárá, ó tún pa á dé. Ó pẹ́ kí Òjó tó nàró. Nígbà tó sì nàró, kò nà tán.

Kò sẹ́ni tó lọ dì í mú. Òjó kò ní gbà.

Ayọ̀kúnlé la ẹsẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó di etí àpò kan mú. Etí kejì wà nílẹ̀.

“Ta ló ń bọ̀?” ó bèèrè.

Délé wo Òjó. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ síwájú.