Agogo Tí Wọ́n Lù Sí Akínọ̀ṣọ́ Létí

Inú ló ń bí mi, mi ò sì ní fi bò. Ẹni tó bá fẹ́ ní kí n fọwọ́ wọ́nú, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú àbúrò mi rí.

Akínọ̀ṣọ́ ni orúkọ rẹ̀. Táìlì ló ń lẹ̀ nínú àwọn ilé tuntun láti Ṣàngótẹ̀dó dé Awoyaya. Ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì, kò ní ìyàwó. Ìrẹsì funfun ló ń jẹ láàárọ̀, òun náà ló ń jẹ lálẹ́, ata gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ṣàdédé tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìlì, á sá jáde lọ jókòó sórí yanrìn títí ara rẹ̀ á fi wálẹ̀. Onílé á bi í pé ṣé ilé òun wù ú, á ní rárá. Kì í wo ẹnikẹ́ni lójú. Ìyẹn gan-an làwọn ará ilé wa n'Ìkìrun fi ń yìn ín, wọ́n ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í wo àgbà lójú. Ìyìn ọ̀hún ò dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Ṣàngótẹ̀dó ni Màámi ń lọ, ibẹ̀ la dàgbà sí. Láti kékeré, bí wọ́n bá ti lu agogo níwájú pẹpẹ, Akínọ̀ṣọ́ á di etí, á máa ké. Wòlíì ní ẹ̀mí kan ló wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ agogo mímọ́. Ni wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n yí i ká, wọ́n ń lu agogo sí i létí. Bó ṣe túbọ̀ ń ké ni wọ́n túbọ̀ ń lu agogo náà, wọ́n ní ẹ̀mí náà ti fẹ́ jáde. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ tó dákẹ́, wọ́n kọ halelúyà. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ gbà mí o, nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó rò ó pé etí ló ń dun ọmọ!

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti Akínọ̀ṣọ́ jọ gbé ọmọbìnrin mi, Olúwatómisìn, lọ sí ọsibítù torí kò tíì sọ̀rọ̀. Dókítà ní ọ́tíísìmù ni. Ó ní bí a ṣe bí i nìyẹn, kò sọ́wọ́ ayé níbẹ̀, àti pé ariwo tí kò ṣe wá ní nǹkan lè máa gún un létí bí abẹ́rẹ́. Akínọ̀ṣọ́ ní, “Dókítà, èmi náà ńkọ́?” Dókítà ní ó lè jẹ́ òun náà ni, pé wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ fún àgbà, kó padà wá.

Kò padà lọ. Màámi ní kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi ìyẹn ṣe, àti pé ta ló máa fọmọ fún ẹni tí dókítà bá ní ọpọlọ rẹ̀ yàtọ̀. Mo bínú sí Màámi, mo wá bínú sí òun náà, mo ní ṣe ló ń fòyà lásán. Ó dá mi lóhùn wẹ́rẹ́.

“Àǹtí mi, tí wọ́n bá ní òun ni, kí ni mo máa wá fi gbogbo agogo yẹn ṣe?”



Ní Sunday tó kọjá, mo fi Tómisìn sọ́dọ̀ Màámi, mo lọ kí aláìsàn ní Ajah. Aládùúgbò kan ló pè mí pé wọ́n ti gbé ọmọ mi síwájú pẹpẹ. Mo pe Akínọ̀ṣọ́, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀. Bí mo ṣe ń já sí géètì, mo rí i tó ń wọlé tòun ti bàtà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà dé. Símẹ́ńtì ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di agogo mú lọ́wọ́ Wòlíì títí ìró rẹ̀ fi dákẹ́. Ó gbé ọmọ, ó jáde.

Màámi sáré tẹ̀ lé wa. “Akínọ̀ṣọ́, ṣé o fẹ́ kó dà bíi tìẹ ni?”

“Ó ti dà bíi tèmi, Màámi. Etí ló ń dùn ún. Etí ló ń dun èmi náà nígbà yẹn.”

Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Òótọ́ ni, wọn ò mọ̀. Mi ò gbé wọn dìde.

Akínọ̀ṣọ́ ní kí n pe dókítà, kí n gba ọjọ́ fún òun. Bí mo ṣe ń tẹ fóònù, agogo tún dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọmọ mi, ó fi tiẹ̀ sílẹ̀.