Sí Àkànní, Ọkọ Mi, Tó Gba Púlì Ẹ̀rọ Ata Mi

Háà, Àkànní! Ṣé bó ṣe máa rí náà nìyí? Ìsọ̀ yín dákẹ́, ẹ̀rọ ata mi náà dákẹ́. Ẹ lọ, ó wá di ojú àlá kí n tó tún rí yín, ọkọ mi àtàtà, baba àwọn ọmọ mi, ọ̀gá mẹkáníìkì Ayétòrò.

Àwọn ọmọ yín ti kọ tiwọn sí ojú ewé tó ṣáájú èyí nínú ìwé ìsìnkú yín. Wọ́n sọ bí ẹ ṣe tọ́ wọn, àti bí ẹ ṣe sin Ọlọ́run nínú ìjọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ púlì mi ni n óò sọ. Ẹ kúkú ti mọ̀ pé n óò sọ ọ́.

Kí ó lè yé àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn: ògiri kúkurú kan ló wà láàárín ìsọ̀ ọkọ mi àti ibi tí mo ti ń lọ ata, lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ. Púlì ni irin róbótó, wíwúwo, tó ní ihò láàárín, tí bẹ́líìtì máa ń yí lórí rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó lè lọ ata. Bí kò bá sí púlì, ata kò lè kúnná.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ Bàbá Wòyè dé. Àgbẹ̀ ni láti Ìwòyè-Kétu, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó rà ní àlòkù láti Kútọnù ló fi ń kó ẹ̀gẹ́. Ó ti hú ẹ̀gẹ́ jọ sóko rẹpẹtẹ, ẹ̀gẹ́ tí a bá sì ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá pẹ́, inú rẹ̀ á dúdú, kò ní ṣe é fi ṣe gàrí mọ́. Ọkọ̀ wá ń yọ èéfín, kò lè fa ẹrù. Ínjẹ́kítọ̀, irin tó ń fọ́n dísẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnì, ló yẹ kí wọ́n yọ kí wọ́n fọ̀, ṣùgbọ́n ó ti gan síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún ti fi òòlù lù ú títí, ó ní àfi kí wọ́n tú gbogbo orí ẹ́ńjìnì náà kí wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Bàbá Wòyè jókòó sórí táyà, ó fọwọ́ lérán. Ó ní, "Pàtúróòn, ọ̀gá mi, bí ẹ̀gẹ́ yẹn bá bàjẹ́, oúnjẹ ọdún yìí ló bàjẹ́ yẹn o."

Ẹ kò bú ẹni tó lù ú. Ẹ fọwọ́ kan ínjẹ́kítọ̀ náà bí ẹni fọwọ́ kan orí ọmọ, ẹ ní, "Ohun tó ti pẹ́ níbì kan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí i ná." Ẹ da kẹrosíìnì yí i ká, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ ní lílù kò lè yọ ọ́, fífà ló ń fẹ́.

Ni ẹ bá mú irin gígùn kan nínú ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ ní kí Múfú, ọ̀rẹ́ yín tó ń jó irin, jó nọ́ọ̀tì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè wé mọ́ orí ínjẹ́kítọ̀, kó sì jó irin pẹlẹbẹ mọ́ òkè rẹ̀. Ohun wíwúwo kan yóò máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láàárín. Bí ẹ bá ti fi gbá òkè, ìsàlẹ̀ yóò máa fà. Àkànní, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ lọ́jọ́ òní. Ṣé ẹ rántí pé ẹ jó òkè, ẹ jó ìsàlẹ̀, kí ẹ tó rántí pé ohun tí yóò máa yọ̀ kò tíì wọlé? Múfú fi ẹ̀rín dùbúlẹ̀. Ó ní, "Ọkọ Àbẹ̀kẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn tán, ìyàwó wà níta!"

Wọ́n gé òkè kúrò. Ẹ po sìmẹ́ńtì sínú agolo mílíìkì kó lè di ohun wíwúwo náà, ẹ jẹ́ kó gan, ẹ fi gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó fọ́ sí yín lára. Bí ẹ ṣe ń gbọn eruku kúrò lórí ni ẹ gbọ́ tí ẹ̀rọ mi ń dún, ẹ sì yọjú lórí ògiri. Mo rí ibi tí ojú yín ń wò. Púlì mi ni.

Mo ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ má dán an wò o! Ọ̀la lọjà."

Ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ yá a ni. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti padà sípò rẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ata dání ní, "Ìyá Bọ́lá, ṣọ́ra o. Bó bá tún ku irin kan, ọrùn rẹ ló kàn!"

Ẹ tú púlì mi. Ẹ ti irin gígùn náà bọ ihò rẹ̀, Múfú jó òkè padà. Gbà! Gbà! Gbà! Ẹ tún gbá a, ínjẹ́kítọ̀ sì yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló pinnu láti jáde. Bàbá Wòyè dìde lórí táyà, ó ń jó láìsí ìlù. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò bàjẹ́. A jẹ nínú gàrí rẹ̀, ó funfun báláú.

Oòrùn wọ̀, púlì mi kò padà. Àwọn awakọ̀ ti gbọ́, wọ́n ń ti Ìlaró bọ̀, àwọn onítírélà Ìbẹ̀ṣẹ̀ náà ń yà. Ẹ wá òmíràn fún mi lára ẹ̀rọ àlòkù, ihò rẹ̀ kò ṣe déédéé, láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ mi ti ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mo ráhùn, ẹ ní ó ń kí àwọn oníbàárà mi ni. Ọ̀rọ̀ púlì náà wá di ìkíni láàárín wa. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú yín, n óò ní, "Púlì mi dà?" Ẹ óò ní, "Ọjà tó ń bọ̀." Kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó Bọ́lá, níwájú àwọn àna, mo bi yín, ẹ sì dá mi lóhùn.

Ẹ kò fi irinṣẹ́ náà pamọ́ rí. Orí ìṣó ló wà, ẹni tó bá fẹ́ á wá yá a. Ẹ máa ń sọ pé irin tí kì í jáde, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe fi sùúrù bá ènìyàn lò. Nígbà tí ẹ ń wá mi sọ́nà, bàbá mi búra pé òun kò ní fi ọmọ fún ẹni tó ń ta sánsán gíríìsì. Ẹ kò bá a jiyàn. Ẹ kàn ń wá kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí òun fúnra rẹ̀ fi bi yín pé, "Ìwọ yìí, kí lo tilẹ̀ ń fẹ́?"

Nígbà tí àìsàn dé, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní, "Bí mo bá lọ, kí Múfú gé orí irin yẹn, kó yọ púlì rẹ fún ọ. Tìrẹ ni." Mo ní kí ẹ sinmi.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Múfú gbé irinṣẹ́ náà wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ìyàwó, ọ̀rẹ́ mi ní kí n gé e. Ṣé kí n gé e?" Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ yín máa ń dì mú lára púlì náà ti ń dán bí òrùka. Mo mọ̀ pé bí ó bá padà sára ẹ̀rọ mi, ariwo yóò tán. Mo sì mọ̀ pé irinṣẹ́ yín náà yóò tán. Ibi tí mo ti ń rò ó ni awakọ̀ kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì gbọ́ pé ẹ ti lọ. Ó ní, "Ẹ kúulé o. Bàbá Bọ́lá dà? Ínjẹ́kítọ̀ mi ló kọ̀ tí kò yọ."

Èmi ni mo dìde, mo gbé irinṣẹ́ náà lé Múfú lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ lọ bá a fà á." Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri: gbà, gbà, gbà. Mo nu ojú mi, mo tan ẹ̀rọ mi, òun náà bẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ rẹ̀.

Àkànní, àṣẹ yín kan ṣoṣo tí n kò tẹ̀lé nìyí, ẹ dárí jì mí. N kò jẹ́ kí wọ́n gé e. Ó ti padà sórí ìṣó rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ púlì sọ́kàn lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tún pàdé lọ́dọ̀ Olúwa, n óò ṣì bi yín o. Ẹ mọ ohun tí ẹ óò dá mi lóhùn.

Ọjà tó ń bọ̀, ọkọ mi. Ẹ sùn ire o.

Aya yín,
Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Bọ́lá