Ibi Tí Mo Gbé Bọ́ọ̀lù Dúdú Sí

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi darí ìdíje bíliáádì ní kílọ́ọ̀bù àwa òṣìṣẹ́ èbúté, ní òpópó kan tó yà lára Creek Road ní Àpápá. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọ̀gá òyìnbó kan ń kó ẹrù rẹ̀ padà sílùú wọn, ó sì fi tábìlì ńlá kan sílẹ̀ fún wa, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, aṣọ àwọ̀ ewé lórí rẹ̀, ihò mẹ́fà létí rẹ̀. Akọ̀wé tó ń ka ẹrù bó ṣe ń jáde nínú ọkọ̀ òkun ni mí. Èmi ni mo ráyè ka ìwé òfin eré náà tán, ni wọ́n bá ní kí n máa ṣètò rẹ̀. Eré ọ̀hún ò ṣòro yé èèyàn: ọ̀pá gígùn la fi ń ta bọ́ọ̀lù funfun, kó lè lọ gbá àwọn aláwọ̀ yòókù sínú ihò. Bọ́ọ̀lù dúdú ló ń gbẹ̀yìn, ẹni tó bá sì gbá a wọlé ló borí.

Títì ló fún wa níṣòro. Bí lọ́rì tó ru sìmẹ́ǹtì bá já sí kòtò iwájú kílọ́ọ̀bù wa, gbogbo ilé á mì, àwọn bọ́ọ̀lù á sì rìn kúrò láyè wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní òfin kan tí mi ò rí nínú ìwé òyìnbó: bí lọ́rì bá da bọ́ọ̀lù rú, olùdarí ìdíje ni yóò dá wọn padà síbi tí wọ́n wà. Kí ẹnikẹ́ni tó ta bọ́ọ̀lù, màá kọ́kọ́ wo tábìlì dáadáa, màá dijú, màá tún un wò. Bí ilé bá mì, màá nawọ́, màá gbé funfun síbí, màá gbé pupa sọ́hùn-ún. Wọ́n ní orí mi pé, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Bí mo bá ń gbé bọ́ọ̀lù padà tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, ó máa ń ṣe mí bí ọba kékeré.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń bá mi jiyàn, mẹkáníìkì kan láti Ajégúnlẹ̀ tí òróró ẹ́ńjìnnì kì í kúrò léèékánná rẹ̀.

"Bàbá, no be there o! Ẹ sún un sọ́tùn-ún díẹ̀."

Màá ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ aláríyànjiyàn yìí."

Àwọn èèyàn á fi í rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì jókòó. N ò sún bọ́ọ̀lù kankan fún un rí.

Nígbà tó fi di ọdún kẹrìnlá yẹn, ogun abẹ́lé ti parí, ọkọ̀ òkun ti kún ojú omi bámúbámú, lọ́rì ò sì sinmi mọ́, títí kan ọjọ́ Sọ́ńdè. Ọ̀sán Sọ́ńdè la ta àṣekágbá. Aṣojú akẹ́rù kan, tó ń báni gba ẹrù ọkọ̀ òkun jáde, tó sì ní ọ́fíìsì ní Wharf Road, ló ń bá ọmọkùnrin kan tó ń wa kireni ní èbúté du ife-ẹ̀yẹ. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni awakireni yìí, ó níwà pẹ̀lẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá rẹ̀ ti Ìsẹ́yìn wá nítorí ọjọ́ yẹn. Alàgbà náà ti ń gbọ́ pé ọmọ òun ń fi gbogbo ọjọ́ ìsinmi gbá bọ́ọ̀lù kiri orí tábìlì, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ọmọ ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. A fi baba sórí àga iwájú.

Ó wá ku bọ́ọ̀lù dúdú nìkan. Awakireni ló kàn, bọ́ọ̀lù náà sì wà nítòsí ihò igun, ibi tí ìyàwó tèmi gan-an ti lè gbá a wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó na ọ̀pá. Lọ́rì kan já sí kòtò. Ilé mì tìtì, dúdú àti funfun sì yí lọ.

Mo ní kó dìde. Mo nawọ́ bí ìṣe mi, mo dá funfun padà, mo sì gbé dúdú sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀. Awakireni wo bọ́ọ̀lù, ó wo ojú mi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù gbá etí ihò, ó ta padà. Aṣojú akẹ́rù tì í wọlé wẹ́rẹ́, ariwo sọ. Baba ará Ìsẹ́yìn rọra dé fìlà rẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ohun tí o ń fi ayé rẹ ṣe náà nìyí?" Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló padà sílé.

Ní ọjọ́ Wẹ́síńdè, mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá aṣọ tábìlì, ọwọ́ mi sì kan ibi tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò igun, tí èmi fúnra mi fi abẹ́rẹ́ rán. Mo wá rántí. Kí lọ́rì tó dé, orí rírán yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù dúdú wà. Mo tiẹ̀ rò ó nínú ara mi lọ́jọ́ náà pé kí òwú yìí má lọ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ibi tí mo padà gbé e sí.

Mo mú ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ pọ̀n lọ́jọ́ náà, níbi tí awakireni náà ń gbé. Mo bá a níwájú yàrá rẹ̀, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́.

"Ṣé o rí i pé ibẹ̀ kọ́ ni bọ́ọ̀lù wà?"

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀, bàbá. Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ yín sùn?"

Ó gbé àga fún mi, ó lọ ra míníràlì tútù wá. Ì bá sàn fún mi kó bú mi. Ojú tì mí débi pé n ò lè mu ún tán.

Mo lọ bá aṣojú akẹ́rù pé kí òun àti awakireni tún ayò náà ta. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ olùdarí labẹ gé. E don finish." Kò parọ́ mọ́ mi, òfin mi ló fi dá mi lóhùn. Ìyàwó mi náà ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ fẹnu ara yín ba ara yín jẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí èmi bá ti pinnu nǹkan, ó parí.

Nígbà tí a ṣèpàdé, mo dìde, mo ní, "Lọ́rì sún bọ́ọ̀lù yẹn lẹ́ẹ̀kan, èmi sún un lẹ́ẹ̀kejì. Mo jẹ ọmọ ọlọ́mọ níyà. Mo ti fẹ̀yìntì lónìí." Wọ́n ń bẹ̀ mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní èmi àgbà yìí gan-an ni mo jẹ́ kó wọ́. Wọ́n ní ta ni yóò gba ipò mi. Mo na ìka sí mẹkáníìkì, ilé sì dàrú.

"Me kẹ̀?" ni òun fúnra rẹ̀ wí. "Bàbá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"Ìwọ nìkan lo máa ń sọ fún mi pé ibẹ̀ kọ́. Gba kọ́kọ́rọ́."

Ife-ẹ̀yẹ ò kúrò ní Wharf Road lọ́dún náà. Mo kọ lẹ́tà sí baba ní Ìsẹ́yìn, mo ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. N ò rí èsì.

Nígbà tí ìdíje ọdún tó tẹ̀ lé e dé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín èrò. Awakireni ń ta ayò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí lọ́rì kọjá. Mẹkáníìkì dá àwọn bọ́ọ̀lù padà, ó sún sẹ́yìn, ó wo àwọn méjèèjì tó ń ta ayò, ó ní:

"Ṣé ibẹ̀ ni?"

Awakireni yíjú sí ọ̀dọ̀ mi, mo sì wo bàtà mi.

"Rárá," ló wí. "Kò sí níbẹ̀. Sún un sọ́dọ̀ mi díẹ̀."

Ẹnì kejì rẹ̀ mi orí pé òótọ́ ni. Mẹkáníìkì sún un. Lójú tèmi, ibi tó kọ́kọ́ gbé e sí ló tọ̀nà, mi ò bá fi Ọlọ́run búra. Mo ti ń na ọwọ́ sókè láti pariwo. Mo fi í sábẹ́ itan mi, mo jókòó lé e, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi, nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé awakireni yẹn lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko tí mo fi darí, n ò bi ẹnì kankan rí bóyá ibẹ̀ ni.