Òkété Abẹ́ Ògiri Ìyá Mi

Òórùn ìkòkò aró tí aládùúgbò mi ṣí láàárọ̀ yìí ló rán mi létí òkété kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, a máa pa aṣọ láró ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Abẹ́ ògiri amọ̀ yàrá tí òun àti àbúrò mi jòjòló ń sùn ni òkété lọ gbẹ́ ihò sí. Òjò sì ti ń ṣú. Bí omi bá wọnú ihò náà, ògiri lè wó lù wọ́n.

Bàbá mi gbé ọkọ́, wọ́n ní kí n wá ata gbígbẹ tí àwọn yóò fi èéfín rẹ̀ lé ẹranko náà jáde. Ìyá Àgbà lọ dúró sẹ́nu ihò. Wọ́n ti rí òkété náà ní ìdájí, ọmú rẹ̀ kún. Wọ́n ní nílé tí abiyamọ wà, a kì í fi ata lé abiyamọ.

"Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ ọjà nígbà náà, Ìyá," ni bàbá mi wí. "Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ọbẹ̀ ni."

"Ọbẹ̀ náà ni o ti ń wá látàárọ̀."

Ẹnu méjì ni ihò náà ní. Ìyá Àgbà da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró tó ń rùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan kí òórùn rẹ̀ lè lé e, wọ́n sì fi ẹnu kejì sílẹ̀ gbayawu kí ẹranko náà lè rọ́nà jáde. Àlàpà ilé kan wà nísàlẹ̀ ọgbà, níbi tí ihò kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi èkùrọ́ fa òkété débẹ̀, kí n sì fọ́n eérú sílẹ̀ kí a lè máa rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àánú ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, n kò fi ọgbọ́n sí i. Mo rò pé ebi ń pa ìyá ọlọ́mọ, mo bá kó ẹ̀kúnwọ́ èkùrọ́ méjì sí ẹnu ihò gan-an. Nígbà tó di òwúrọ̀, èkùrọ́ ti tán. Ipa ẹsẹ̀ jáde, ó sì padà wọlé. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Òkété tó rí ilé olóúnjẹ, kí ni yóò wá lọ sí àlàpà? Bàbá mi wo eérú, wọ́n rọra bi ìyá mi bóyá iyọ̀ wà nílé.

Ọjọ́ ọjà ku ọ̀la. Ìyá Àgbà kò bá mi wí.

"Ọmọ mi, ibi tí o bá fẹ́ kí àlejò sùn ni kí o tẹ́ ẹní sí."

Mo ṣa gbogbo èkùrọ́ kúrò lẹ́nu ihò. Mo fi ẹyọ kan sábẹ́ igi ọsàn, òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo sì kó ìyókù sí àlàpà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, a bá ipa ẹsẹ̀ nínú eérú: ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Ìyá Àgbà ní ṣe ló ń fi ẹnu gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ipa ẹsẹ̀ ìkẹyìn lọ, kò bọ̀ mọ́. Bàbá mi po amọ̀ mọ́ òkúta, wọ́n gún un sínú ihò náà pinpin, wọ́n sì ní kí ìyá mi gbé iyọ̀ rẹ̀ pamọ́.

Ilé onípáànù ti dúró lórí àlàpà náà báyìí, Ìyá Àgbà sì ti sùn tipẹ́. Àbúrò mi jòjòló ọjọ́ náà ti hu ewú. Lọ́sàn-án òní, ọmọ ọmọ mi rí ihò kan lẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì di èkùrọ́ sọ́wọ́, ó ń sáré lọ síbẹ̀. Mo pè é padà, mo sì fi ọ̀pá mi tọ́ka sí igbó tó wà lẹ́yìn ọgbà, níbi tí kò sí ògiri kankan.