Bàbá Oníyọ̀ àti Kùrukùru Orí Tábìlì

Ọjọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé gbé tábìlì rẹ̀ padà wá ni gbogbo àdúgbò fi ń rántí Bàbá Oníyọ̀, tó ń kun àga àti tábìlì. Tábìlì ni bàbá kọ́kọ́ kí. Ó fọwọ́ lé e lórí bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ.

"Pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ti rọ ọ́ lómi."

"Bàbá, èmi náà wà níbí," ni ọ̀gá wí.

"Mo rí yín. Ẹ̀yin kọ́ lara yín ò yá."

Nígbà òjò ni ọ̀gá ti kọ́kọ́ gbé e wá pé kí bàbá kun ún ní fáníìṣì, kó lè máa dán. Àwo iyọ̀ kékeré kan sì wà lójú fèrèsé bàbá. Bí iyọ̀ yẹn bá ti rin, ọ̀rinrin wà nínú afẹ́fẹ́ nìyẹn, bàbá kò ní fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. "Iyọ̀ ò tíì gbà," ló wí. Ọ̀gá ní òun kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ iyọ̀, ó gbé tábìlì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí fáníìṣì ọ̀hún tó gbẹ, kùrukùru funfun ti bò ó.

Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá dúró kí iyọ̀ gbẹ. Ó wá ta sípíríìtì, omi tó ń tú fáníìṣì, sí àkísà, díẹ̀ báyìí tí àkísà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀, ó ń fi í ra ojú igi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kùrukùru ká kúrò. Ọ̀gá rí eyín ara rẹ̀ nínú tábìlì.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ni bàbá wí. "Iyọ̀ ni kí ẹ kí."

Lọ́jọ́ kan, iyọ̀ tán nílé, ìyàwó bàbá bu ti ojú fèrèsé sọ́bẹ̀. Bàbá ò lè ṣiṣẹ́, ó ń rojọ́ káàkiri ilé.

"Ta ló jẹ iyọ̀ mi?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ lá àwo ọbẹ̀ mọ́."

Nígbà tó yá, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rí kùrukùru lára gbogbo nǹkan. Kọ́bọ́ọ̀dù télọ̀, tó ń dán gbinrin, ló ra títí igi fi hàn síta. Àwọn èèyàn rọra ń kó ẹrù wọn lọ. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá, bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ nù. Ó fà á bọ́ síta nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe rí ojú ọ̀run?"

"Kùrukùru ni."

"Ṣé ìgbà òjò ni wọ́n kun òun náà ni?"

Bàbá fọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó tún wòkè.

"Ojú mi ni."

"Ojú yín ni."

"Sípíríìtì ò ní ràn án."

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́ ojú, bàbá sì jẹ́ ọwọ́. "Ó kù?" "Kùrukùru ṣì kù, lápá òsì yín." "Ibí?" "Ẹ ti kọjá rẹ̀. Ẹ padà." Àwọn oníbàárà tún ń wá, àwọn mìíràn ò gbé nǹkan kan dání, àwàdà àwọn méjèèjì ni wọ́n wá gbọ́.

Tábìlì tó ṣe kẹ́yìn, ó ti ra á tán, àkísà gbígbẹ ló fi ń dán an.

"Ó kù?"

"Ó kù díẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn, ó ti mọ́ tipẹ́. Ọwọ́ mi mọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ tẹrí ba. "Ṣé kí n wí pé ó ti tán, kí ẹ lọ sinmi?"

"Rárá o," ni bàbá wí, ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀. "Máa wí pé ó kù."