Ó Kọ́kọ́ Kí I Kó Tó Mú Un

Bàbá àgbà rẹ kì í ṣe ṣọ́jà lásán, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni láàárín àwọn onífìlà pupa, àwọn ọlọ́pàá tó ń mú ṣọ́jà. Láyé tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí ará ìlú ò gbọdọ̀ bi wọ́n pé kí ló dé, àwọn onífìlà pupa ló lè bi wọ́n. Bí ẹni tó ju ọkọ mi lọ bá ṣẹ̀, ọkọ mi á kọ́kọ́ kí i ní sàlúùtù, gbọnrangandan, á wá ní, "Sà, mo wá mú yín." Kì í tú bẹ́líìtì ọ̀gá lójú àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Mo máa ń fi yangàn. Ní Jẹ́dà níbí pàápàá, ìyàwó ọ̀gá onífìlà pupa ni mò ń pe ara mi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo wí ní Járúwàlì, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, nígbà tí bàbá rẹ gbé mi lọ síbẹ̀ fún úmúrà. Bàbá arúgbó kan, Yorùbá bíi tiwa, jókòó tì wá nínú ilé àlejò, ó fọwọ́ lé ọ̀pá.

"Bárékè wo, Àlàájà?"

Mo dárúkọ bárékè náà, mo dárúkọ ọkọ mi mọ́ ọn. Ojú ẹ̀ yí padà.

"Ọkọ yín ló mú mi. Mo jù ú lọ nígbà náà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́la, màá fẹjọ́ ẹ̀ sun Ọlọ́run níwájú Kábà."

Jìnnìjìnnì bo bàbá rẹ. Bàbá ẹ̀ ti kú, òkú ò sì lè wí tẹnu ẹ̀. Ó sọ sí mi létí pé, "Màámi, ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n."

Èmi? Mi ò kúnlẹ̀ o.

"Àlàájì, kí lẹ ṣe?"

"Mo ní kí wọ́n na awakọ̀ kan tó dí mi lọ́nà. Apá ẹ̀ kán."

"Ó dáa. Ṣé ọkọ mi kí yín kó tó mú yín?"

"Màámi!"

"Dákẹ́, bàbá ẹ là ń sọ."

Ọwọ́ ọ̀tún bàbá náà gbéra lórí ọ̀pá, ó dé ẹ̀gbẹ́ ojú bíi ti sàlúùtù.

"Ó kí mi. Ó ní kí n lọ pààrọ̀ aṣọ, òun dúró níta. Àwọn tó lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣí fìlà lórí mi lójú ìyàwó mi."

"Àwọn yẹn ńkọ́? Ẹ ti fẹjọ́ wọn sùn?"

Ẹ̀rín pa á. "Àlàájà, ẹ̀yin gan-an ni fìlà pupa yẹn tọ́ sí."

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrí, ó bi mí lórúkọ bàbá ọkọ mi. Ó ní òun á tọrọ àánú fún òkú náà, òun á pè é lórúkọ tọmọ tòbí níwájú Kábà, kí àdúrà òun má baà ṣìnà lọ bá ẹlòmíràn.